Ọpẹ́ Omi Ọjọ́bọ̀

Ìjọba ológun tì mí mọ́lé nítorí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹ̀rọ omi tí wọ́n wá ṣí ní ìlú wa kò ní omi nínú.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an, kó tó di pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bù mọ́ ọn tàbí kí wọ́n máa bù kúrò nínú rẹ̀. Mi ò dìtẹ̀. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo sọ pé omi ò sí níbi tí wọ́n ní omi wà, ìròyìn náà kò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, lábẹ́ àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìbínú mi lórí ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá jókòó láti rántí rẹ̀, ọpẹ́ ló máa ń ṣíwájú ìbínú jáde, bí ọmọ tó sáré ju ìyá rẹ̀ lọ lọ́nà oko.

Fìdítì ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹni tó bá ti gba títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kọjá rí mọ ìlú wa, bí kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀bá títì ni àwọn obìnrin wa ti máa ń to ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó, tí wọ́n á sì máa sáré tẹ̀lé mọ́tò tó bá dẹwọ́ ìrìn. Bàbá mi jẹ́ tíṣà tí wọ́n ń gbé kiri, ọdún yìí Ìmínì, ọdún tó ń bọ̀ ibòmíràn, nítorí náà ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló gbà mí sọ́dọ̀. Ìyá Ìjọ ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, torí àwọn ni olórí àwọn obìnrin ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa.

Nílé Ìyá Ìjọ, oore kì í parí lọ́jọ́ tí ènìyàn ṣe é. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kó tó parí, nígbà tí ẹnìkan láti ilé wa bá ti lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹni náà, tó sì ti sọ pé "Ẹ ṣé àná." Èmi ni ẹni náà. Kí n tó wẹ̀ lọ sílé ìwé, n ó ti dúpẹ́ dé ojúlé méjì tàbí mẹ́ta. Gbogbo Yorùbá ló ń dúpẹ́ àná, mo mọ̀, àmọ́ ti Ìyá Ìjọ ní òfin.

"Kí ni wọ́n fún wa lánàá?"

"Iṣu ni, mà."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Iṣu mẹ́ta ni kí o lọ dúpẹ́ fún o. Bí o bá pè é ní mẹ́rin, wọ́n á ní ṣe là ń tọrọ ọ̀kan lé e. Bí o bá pè é ní méjì, o ti jí ọ̀kan mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀kan níbẹ̀ bá sì ti bà jẹ́, má dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ pé ó dùn."

Nígbà tí mo dé yunifásítì, tí àwọn olùkọ́ wa ń pariwo pé kí a má kọ ohun tí a ò rí ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rín ló ń pa mí. Mo ti gba oyè yẹn kí n tó ka ìwé mẹ́fà.

Mo parí ẹ̀kọ́, mo padà sí Fìdítì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ìwé girama. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Ìbàdàn. N ó kọ ọ́ sórí ìwé, n ó fún awakọ̀ kan ní gáréèjì, awakọ̀ á fún ẹni tó ń dúró dè é. Ìròyìn tí mò ń kọ kò le. Ọba kan wàjà, ilé ìwé Ìlọrà na tiwa ní bọ́ọ̀lù, ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé náà bá dé, àwọn àgbà tí wọn ò mọ̀wé á wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kí n kà á fún wọn, Onítẹ̀bọmi, Àńgílíkà àti Mùsùlùmí pọ̀. Àdúgbò kan náà ni gbogbo wa.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti fagi lé ìbò tí gbogbo wa dì. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, kànga wa á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹrẹ̀ sókè. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi á máa pẹ́ dé, ẹsẹ̀ wọn á kún fún eruku odò, wọ́n á sì máa sùn lórí tábìlì. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹgílá ìjọba dé, tó ń gbẹ́ kòtò láti oríta títì ńlá gba iwájú ilé ìwé wa lọ sẹ́yìn ọjà, inú mi dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n rì páìpù. Wọ́n gbé táǹkì ńlá sórí ẹsẹ̀ irin. Wọ́n ri ẹ̀rọ omi kan mọ́lẹ̀ létí oríta, wọ́n sì kùn ún lọ́dà búlúù.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá ṣí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń lọ sílé ìwé, mo rí ọkọ̀ táńkà kan lábẹ́ táǹkì yẹn, tó ń fi rọ́bà gígùn fa omi sínú táǹkì náà. Mo rò pé bóyá ṣe ni wọ́n fẹ́ fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá ológun kan dé pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà rẹ̀ àti àwọn oníkámẹ́rà, ó gé ríbọ́ọ̀nù, ó yí ẹ̀rọ, omi sì tú jáde. Àwa náà pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìjọ gbé garawa lọ, wọ́n gba omi kún un, wọ́n sì gbàdúrà fún ọ̀gá náà. Bí mọ́tò àwọn àlejò ṣe ṣí, ẹ̀rọ náà wúkọ́ bí ẹni tí èéfín fún lọ́fun, ó sì dákẹ́. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

A dúró. A rò pé ẹ̀rọ tuntun ni, ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Rédíò ń sọ fún gbogbo ayé pé omi ti dé ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ìlú wa. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ni àṣírí tú. Ẹ̀kún omi ṣí ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí kòtò náà, mo sì tọ ọ̀nà kòtò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Páìpù wà láti ìdí táǹkì dé oríta, ibi tí ojú àlejò lè dé. Láti oríta wọ inú ìlú, ilẹ̀ lásán ni. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọn ò fi nǹkan kan sí i, wọ́n sì dí i padà. Àwọn obìnrin ẹ̀yìn ọjà, tí wọ́n rí ilẹ̀ tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, ti gbin kókò sí i.

Mo kọ ọ́. Ibi tí páìpù dé, ibi tí kò dé, ọkọ̀ táńkà, kókò. Olóòtú tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, Ọlọ́run bù kún un.

Àwọn ọkùnrin méjì tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ wá mú mi nínú kíláàsì, lójú àwọn ọmọ mi. Wọ́n gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀kan nínú wọn na ìwé ìròyìn sí mi lójú.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Òǹgbẹ ni, sà."

Ó gbá mi létí. Etí òsì. Mo ń sọ ọ́ kí ó má bàa sọnù.

Bàbá mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé fún mi lẹ́yìn náà. Ọkùnrin kan wá bá wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, ó wọ agbádá funfun, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ìjọba ò bá ìlú jà. Ohun tí ìjọba fẹ́ kò ju pé kí Ìyá Ìjọ wá sórí rédíò, kí wọ́n wá dúpẹ́ fún omi. Bí ọpẹ́ náà bá ti jáde, ilé ni n ó sùn lọ́jọ́ náà. Ẹ ò rí ọgbọ́n wọn? Bí ẹni tó tọ́ akọ̀ròyìn dàgbà bá dúpẹ́ omi, ta ni yóò tún gba akọ̀ròyìn gbọ́?

Bí ọkùnrin náà ṣe lọ, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ẹnu lásán kẹ̀? Ẹnu yìí náà ni mo fi ń gbàdúrà. Àbí mo ní òmíràn tí mo fi pa mọ́ sínú àpótí ni?"

Alájì tó ń ta sìmẹ́ńtì ní ìkángun àdúgbò wa jókòó níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìjọ, bí òmíràn lẹ fẹ́, ẹ yá tèmi. Tèmi ti parọ́ fún oníbàárà títí, ó ti mọ́ ọn lára."

"A mọ̀, Alájì. Ó hàn lára ilé tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ kọ́."

Bàbá mi ní àwọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú àwọn. Ìyá Ìjọ fà wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Ó tó. N ó lọ dúpẹ́." Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè bí wọ́n ṣe máa dúpẹ́ ọ̀hún.

Àṣìṣe tí àwọn aláṣẹ ṣe nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ bí kò ṣe Yorùbá bíi tiwa. Bó bá jẹ́ pé ẹjọ́ ni ìyá àgbàlagbà kan fẹ́ wá rò lórí rédíò, wọn ì bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọn ì bá gé e síbí, gé e sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni. Ta ló ń yẹ ọpẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á? Wọ́n ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún Ìyá Ìjọ lójúkojú, kí gbogbo ayé máa gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn.

Ọlọ́pàá tó ń jókòó ní káńtà ní rédíò kékeré kan. Onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni, Tíṣà ló ń pè mí. Ó yọ mí jáde kí n lè gbọ́. "Tíṣà, ẹ múra o, ẹ ti ń relé nìyẹn." Mo ti ká aṣọ mi. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àpò lórí itan.

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìjọ, ohùn tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ní ìpàdé àwọn obìnrin.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin ìjọba. Wọ́n ní kí n wá dúpẹ́ fún omi, mo sì wá. Ẹ ṣeun fún omi Ọjọ́bọ̀ tí ẹ wá sọ́dọ̀ wa. Ó ṣàn láti ìgbà tí ẹ dé títí mọ́tò yín fi ṣí. Mo gba garawa kan níbẹ̀, omi náà mọ́, a fi se oúnjẹ. Ẹ ṣé. Ẹ ṣeun fún ọkọ̀ tó gbé e wá láàárọ̀, ẹ kú ìnáwó epo. Ẹ ṣeun fún páìpù tí ẹ rì dé oríta. Ẹ ṣeun fún kòtò tí ẹ gbẹ́ láti oríta wọ̀lú, a ti gbin kókò sí i, ó ń ṣe dáadáa. Páìpù inú kòtò yẹn, a ò tíì rí i gbà, nítorí náà mi ò lè dúpẹ́ rẹ̀ lónìí. Ọjọ́ tí ẹ bá fún wa, ẹnìkan láti ilé wa á tún padà wá dúpẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ètò náà ń wúkọ́. "Ìyá, ẹ ṣeun gan-an ni, àsìkò ti..."

"Mi ò tíì parí, ọmọ mi. Ẹ tún ṣeun fún ọmọ àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ yín. Ọmọ náà ò parọ́..."

Orin bọ́ sórí rédíò. Orin ijó ni, àárín ẹsẹ̀ orin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́pàá náà bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu, ó wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó wo àpò tó wà lórí itan mi. "Ha, Tíṣà. Ẹ ò ní lọ lónìí o."

Wọ́n dá mi padà sínú yàrá àtìmọ́lé. Mi ò ní purọ́, inú bí mi sí Ìyá Ìjọ. Ilé ti wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì jẹ́ kó bọ́.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ìjọ fi dé àgọ́ náà, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí Alájì fi ń kó sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì kùn lára búbà wọn bí àtíkè. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá. Ọlọ́pàá káńtà gbà wọ́n láyè díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Inú ń bí ọ sí mi."

"Rárá, mà."

"Má parọ́ fún mi. Irọ́ ti pọ̀ tó nínú ilé yìí."

"Ẹ ò bá kàn ti dúpẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, mà. N bá ti wà nílé."

"Omi ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wa?"

Wọ́n dúró dè mí, bí wọ́n ṣe máa ń dúró nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ọjọ́ kan, mà."

"Ti ọjọ́ mélòó ni mo dúpẹ́ fún?" Wọn ò jẹ́ kí n dáhùn. "Bí mo bá dúpẹ́ omi gbogbo ìlú, a ti gbà á nìyẹn. Ta ló tún ń gbé omi lọ fún ẹni tó ti dúpẹ́ omi? Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ á máa lọ sódò títí láé, ìwọ á sì wọlé bí òpùrọ́. Jẹun."

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bá mi ṣí ewé mọ́ínmọ́ín náà, wọ́n ṣí i tán, wọ́n tún wé e padà bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ iye tí ọpẹ́ yẹn ná wọn. Inú tó ń bí mi sí wọn kúrò níbẹ̀, ó wá ẹni tó tọ́ sí lọ.

Àwọn aláṣẹ ò dá mi sílẹ̀ títí àgbàdo tuntun fi jáde. Wọn ò gbé mi lọ sílé ẹjọ́, wọn ò ka ẹ̀sùn kankan sí mi létí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ọpẹ́ Ìyá Ìjọ, àwọn ṣọ́jà ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ní Ìbàdàn pa, wọ́n ní ó ń da ìlú rú. Kò ṣí mọ́ ní gbogbo ìgbà tí àwọn ológun fi wà lórí oyè. Nígbà tí mo padà sílé ìwé, ẹlòmíràn ló wà ní kíláàsì mi. Kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúpẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alájì fún ọkọ̀ rẹ̀, tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta. Kì í ṣe ojoojúmọ́ bó ṣe máa ń sọ fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta kò yẹ̀ rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá káńtà fún rédíò rẹ̀, àti fún ẹ̀rín tó rín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé tíṣà tuntun ò mọ ìtàn sọ. Irọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Àwọn olọ́sàn ẹ̀bá títì ni ọpẹ́ mi pọ̀ sí jù. Nígbà tí kò sí ìwé ìròyìn mọ́, àwọn ló di ìwé ìròyìn. Àwọn èrò mọ́tò tó gbọ́ rédíò lọ́jọ́ yẹn á na orí jáde lójú fèrèsé: "Ṣé ìlú yín nìyá tó dúpẹ́ omi wà?"

"Ìlú wa ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ wá wo kókò ìjọba."

"Kókò ìjọba bí i ti báwo?"

"Ẹ kọ́kọ́ ra ọsàn ná. A kì í fi ẹnu gbígbẹ wo nǹkan ìjọba."

Wọ́n á mú wọn dé oríta, wọ́n á fi ẹnu páìpù hàn wọ́n, wọ́n á fi ewé kókò tó tò lọ sínú ìlú hàn wọ́n. Mọ́tò tó ń lọ Ìlọrin gbé e lọ, èyí tó ń lọ òkè Ọya gbé e lọ. Nígbà tí mo jáde, àwọn tí mi ò rí rí mọ̀ pé mi ò parọ́. Ìlú mi kò jẹ́ kí n wọlé bí òpùrọ́. Títí n ó fi kú, mi ò lè dúpẹ́ ìyẹn tán.

Ìyá Ìjọ ti sùn nínú Olúwa. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n máa ń bi mí nígbà mìíràn bóyá páìpù ti dé, bí ẹni tó ń béèrè àlejò tó ṣèlérí. Mo máa ń sọ pé kò tíì dé. Wọ́n á ní, "Múra sílẹ̀. Ilé wa ti sọ pé a ó padà wá."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, àwọn kan nínú yín ṣì wà láàyè, ẹ sì ń jókòó sí àga iwájú lóde. Níbo ni páìpù láti oríta wọ̀lú wà? Ta ló pàṣẹ kí wọ́n rì í dé ibi tí ojú àlejò mọ? Ta ló gé ohùn Ìyá Ìjọ, kí sì ni ó bà á lẹ́rù nínú gbólóhùn tó kù? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yẹn ṣẹ̀ tí ẹ fi tì í pa? Ẹ̀sùn wo ni ẹ fi tì mí mọ́lé? Ẹ sọ ọ́ síta bí ẹ ṣe sọ ti omi, lórí rédíò, lójúkojú. Ìyá Ìjọ ṣèlérí fún yín pé ẹnìkan láti ilé wa á padà wá dúpẹ́. Èmi ni ẹni náà. Mo ti wọṣọ, mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Kí ni kí n dúpẹ́ fún? Ẹ dá mi lóhùn.